Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí Ìjọ Ran Àwọn Ọ̀dọ́ Onímọ̀ Fáírọ́ọ̀sì Lọ́wọ́ Láti Pàdé

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní Mọ́lété lónìí jẹ mọ́ àìsàn, ó sì jẹ mọ́ owó ìjọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wádìí àwọn fáírọ́ọ̀sì ńlá. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí jẹ́, àti ìdí tí ó fi tọ́ kí a ran àwọn tí ń wádìí wọn lọ́wọ́ láti lè péjọ.

Fáírọ́ọ̀sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Kò lè pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, àfi bí ó bá wọ inú ara ohun alààyè. Olúkúlùkù wọn ní ohun kan nínú tí ó dàbí ìwé ìlànà, èyí tí ń sọ ohun tí yóò ṣe. Nínú àwọn tí à ń sọ yìí, DNA ni àwọn onímọ̀ ń pe ìwé náà. Ìwé ti fáírọ́ọ̀sì àrùn rọpárọsẹ̀, tí í ṣe RNA, kúrú: bí lẹ́tà 7,500 ni. Ṣùgbọ́n ti ṣànpọ̀nná gùn tó bí 186,000, ti mpox tó bí 197,000. Ti ibà tí ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà sì wà láàrin 170,000 àti 194,000. Púpọ̀ nínú ohun tí a kọ sínú wọn ni ó wà fún títan àwọn ẹ̀ṣọ́ ara jẹ. Ìwé tí ó gùn báyìí, ẹnì kan kò lè kà á tán. Ọ̀kan ń ka ojú ewé kan ní Ìbàdàn, èkejì ń ka òmíràn ní Vom, ẹlòmíràn wà ní òkè òkun. Bí wọn kò bá pàdé, ta ni yóò so ojú ewé wọ̀nyí pọ̀?

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa ìjọ. Ní ọdún 1875, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ péjọ ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther wà nínú rẹ̀. Èso ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń ka Bíbélì wa ń jẹ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àìgbọ́ ohùn ara ẹni ń fà. Ní 1970 ni a rí ṣànpọ̀nná kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti parẹ́ ní gbogbo ayé. Nígbà náà ni a dá àjẹsára rẹ̀ dúró. Àjẹsára yìí kan náà ni ó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ mpox, nítorí náà àwọn tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ààbò yẹn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, mpox yọ lára ọmọkùnrin ọdún mọ́kànlá kan ní Bayelsa, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógójì tí a ti rí i kẹ́yìn ní ilẹ̀ wa. Dókítà Dimie Ogoina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí egbò wà ní ojú ara wọn, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 2019 pé ó ṣeé ṣe kí ìbálòpọ̀ máa tàn án kálẹ̀. Díẹ̀ ni ó kọbi ara sí i. Ní 2022, ọ̀nà yẹn gan-an ni àìsàn náà gbà tàn ká Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹlẹ́dẹ̀. Ibà rẹ̀ kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń pa òwò ènìyàn. Ní 2020, ó pa ẹlẹ́dẹ̀ rẹpẹtẹ ní Òkè-Àrò, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kó owó wọn sí.

Àwọn kan yóò wí pé, ṣé ìwé tí wọ́n ń kọ sí ara wọn kò tó? Kò tó. Ohun tí ó yọrí sí rere ni ènìyàn ń kọ sínú ìwé. Ohun tí ó kùnà, ẹnu ni a fi ń sọ ọ́. Àwọn àgbà tí wọ́n fi ojú ara wọn rí ṣànpọ̀nná sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ mọ bí a ti ń ka DNA. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Àwọn onímọ̀ poxvirus, asfarvirus àti iridovirus ní àpéjọ tiwọn lágbàáyé. Kì í ṣe àìmọ̀wé ni ó ń dá ọ̀dọ́ wa dúró sílé, bí kò ṣe owó ọkọ̀ òfurufú, owó ìwé ìrìnnà àti ibùwọ̀. Ìjọ ni ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, tí ó wà ní Mọ́lété yìí. Iṣẹ́ kan náà ni èyí. Nítorí náà, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yọ díẹ̀ nínú owó ìkórè rẹ̀ láti rán ọ̀dọ́ kan lọ. Bí ó bá sì padà dé, kí ó dúró níwájú ìjọ, kí ó fi èdè Yorùbá sọ ohun tí ó gbọ́, kí ìyá tí ń tọ́mọ àti àgbẹ̀ tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lè mọ ohun tí wọn yóò máa ṣọ́.