Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra tòkunbọ̀, ẹ yẹ iná iwájú yín wò: Gílóòbù kọ́ ló ń jó mọ́tò, wáyà ìsokúsọ ni o!

Bí èèyàn bá fẹ́ẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì, jíà àti ẹsẹ̀ mọ́tò ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ta ló ń rántí iná iwájú? Ṣebí ọ̀sán gangan ni wọ́n sábà máa ń ra mọ́tò. Ọjọ́ tílẹ̀ bá ṣú bá onítọ̀hún ní màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí tírélà kan ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láìtan iná kankan, ìgbà yẹn ni yóò tó mọ̀ pé iná mọ́tò òun ò sàn ju àtùpà elépo lọ.

Bílẹ̀ bá ti mọ́, ó di ọ̀dọ̀ rìwáyà. "Ọ̀gá rìwáyà, ẹ bá mi wá gílóòbù tó máa mọ́lẹ̀ yòò." Ìyẹn náà á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, alàgbà, èyí tó lágbára jù ni mo máa fi sí i fún yín." Wọ́n á yọ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á ki tuntun bọ̀ ọ́, iná á mọ́lẹ̀, inú kálukú á dùn. Ẹ̀yìn ni wàhálà tó wà níbẹ̀ máa ń yọjú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gílóòbù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní H4 ló wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Wáàtì 60 ni fúùlù rẹ̀, díìmù rẹ̀ sì jẹ́ 55. Lórí bátìrì fóòtì 12, gílóòbù kan ń fa áńpù 5 tó bá wà ní fúùlù, méjèèjì wá jẹ́ 10. Ohun táwọn tó ṣe mọ́tò náà fi díwọ̀n wáyà, súwíìṣì àti fíúsì rẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá wá fi oníwáàtì 100 sí i, gílóòbù méjì á máa fa áńpù tó lé ní 16. Ẹrù àgbà ni wọ́n gbé lé ọmọdé lórí yẹn. Wáyà á máa gbóná, sọ́kẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, súwíìṣì tó wà nídìí sitíárì náà á máa jó díẹ̀díẹ̀. Fíúsì ló yẹ kó já, kó gbani. Àmọ́ tó bá já lẹ́ẹ̀mejì, rìwáyà mí-ìn á fi èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ sí i, àwọn kan tiẹ̀ ń fi wáyà lásán dì í. Ibi tọ́rọ̀ ti ń di iná lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, gílóòbù lè má jẹ̀bi rárá. Mọ́tò tó ti pẹ́ lókè òkun, tí omi yìnyín àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ ti bá jà, ẹnu wáyà rẹ̀ á ti dógùn-ún. Agbára tó ń jáde ní bátìrì ò ní í dé ìdí gílóòbù pé. Tó bá jẹ́ fóòtì 13.5 ló wà ní bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tó wá jẹ́ 12 ló dé ìdí gílóòbù, ìmọ́lẹ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Ìdí nìyẹn tí rìwáyà tó mọṣẹ́ kì í fi í kọ́kọ́ ta gílóòbù fún yín. Mítà ló máa gbé jáde. Á tan iná, á wọn bátìrì, á wọn ìdí gílóòbù. Bí ìyàtọ̀ bá ti tó fóòtì kan, wáyà ló ń ṣàìsàn.

Oògùn rẹ̀ wà. Òun ni àkójọ wáyà tó ní rìléè, táwọn tó ń ta páàtì mọ́tò ń tà. Iṣẹ́ rìléè ò le: iná kékeré láti ọwọ́ súwíìṣì á gba ẹsẹ̀ 85 àti 86 ta á jí, ẹrù wúwo á wá gba ẹsẹ̀ 30 láti bátìrì, á gba 87 lọ sí gílóòbù. Súwíìṣì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrù nìyẹn. Àmọ́ fíúsì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà tó ti bátìrì wá, nítòsí bátìrì gan-an. Tí kò bá sí níbẹ̀, ọjọ́ tí wáyà náà bá bó, tó fara kan irin, kò sóhun tó máa dá a dúró, bẹ́ ẹ tiẹ̀ ti pa mọ́tò, tẹ́ ẹ ti wọlé lọ sùn.

Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ni wáyà ọjà bá mu o. Ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ ló jẹ́ pé ọ̀nà nẹ́gétíìfù ni súwíìṣì wọn ti ń tan iná. Bí wáyà tí wọ́n ṣe fáwọn tó ń lo pọ́sítíìfù bá débẹ̀, fúùlù àti díìmù á máa ṣe ségesège. Rìwáyà tí kò mọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà kiri.

Ojú ẹlòmí-ìn tún wà níbẹ̀. Òsì títì ni wọ́n ń gbà nílùú ọba àti ní Japan, ìyẹn ni díìmù mọ́tò wọn fi ń tàn sókè lápá òsì. Nàìjíríà náà ń gba òsì títí di ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 1972, tí wọ́n bọ́ sí ọ̀tún. Irú iná bẹ́ẹ̀, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa ń tàn sí níbí. Gílóòbù tuntun ò lè tún un ṣe, àfi kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo iná náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni LED tí wọ́n ń ki bọ inú iná tí wọ́n ṣe fún gílóòbù H4: lọ́pọ̀ ìgbà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń fọ́n ká, á máa fọ́ èèyàn lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ pààrọ̀ tiyín, oníwáàtì 60 sí 55 náà ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ elépo di gíláàsì rẹ̀ mú, torí á tètè kú. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ bi rìwáyà yín pé, "Fíúsì wáyà yìí dà?" Bí kò bá lè fọwọ́ tọ́ka sí i, ẹ má tíì sanwó o.