Àwòrán kẹrin tó jóná

Fọ́tò kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, dúdú àti funfun lásán. Erékùṣù kékeré ló wà nínú rẹ̀: àpáta, igi gíga-gíga, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ síbẹ̀. Ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun dúró nínú ọkọ̀ náà, pósí sì wà níwájú rẹ̀.

Arnold Böcklin, ọmọ Switzerland, ló yà á. "Erékùṣù Àwọn Òkú" ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló yà á, láti 1880 títí di 1886. Mẹ́rin ṣì wà, ní Basel, New York, Berlin àti Leipzig. Ìkẹrin, ti 1884, jóná ní Berlin nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Fọ́tò yìí nìkan ló kù. (Ìkẹta ńkọ́? Hitler ló rà á ní 1936. Iná ogun ò kàn án!)

Ṣé a ò lè fi mẹ́rin tó kù mọ àwọ̀ èyí tó jóná ni? Rárá o. Böcklin kì í yà á bákan náà: ojú ọ̀run ti 1880 ṣókùnkùn, ti 1883 mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà kun fọ́tò yẹn láwọ̀, àwọ̀ tirẹ̀ ló kùn ún.