Ibi Tí Ará Igolo Lè Kó Ẹbí Lọ fún Ìgbafẹ́

Igolo, ìlú ẹnubodè ní Benin tí ó dojú kọ Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà, ni ọ̀pọ̀ èrò mọ̀ sí ibi ọkọ̀ ẹrù àti ibi tí a ti ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, tí wọ́n á kàn gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọjọ́ ìsinmi kó aya àti ọmọ jáde, ìran ń bẹ fún un nítòsí.

Bí ó bá bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìkórè, kí baálé ilé tó wọ ọkọ̀ kankan, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò jáde ní àgbègbè Ifangni, ní Ṣakété tàbí ní Kétu, nítorí àwọn baba wa kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní ojú tí ó rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ọkùnrin ni yóò gbé ère igi lérí, tí yóò dira bí obìnrin nítorí ọlá àwọn Ìyá wa tí a kì í fi ẹnu lásán dárúkọ, tí ìde irin ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa dá ìyá ìlù lóhùn láìṣì í. Kí ọmọdé wo orí ère náà dáadáa: ejò àti ẹyẹ ń bẹ lórí òmíràn, alùpùpù tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ lórí òmíràn. Alẹ́ ni Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń jáde. Ìkókó lè dúró de ijó ọ̀sán. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún aráyé ní 2008.

Ní Àjàṣẹ́, tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Adandé ní ère bẹ́ẹ̀ púpọ̀, àmọ́ ère tí kò lẹ́sẹ̀ lábẹ́ kò lè jó. Ààfin Honmè ni mo fẹ́ràn jù, ilé Ọba Toffa tí ó jọba láti 1874 sí 1908, ẹni tí ó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí àwọn Faransé fìdí àṣẹ wọn múlẹ̀ níbẹ̀. Ọgbà igi ìlú náà, tí í ṣe igbó ọba nígbà àtijọ́, ní òjìji tútù fún oúnjẹ ọ̀sán. Mọ́sálásí ńlá, tí àwọn Mùsùlùmí Àgùdà, ìran àwọn tí ó ti Bràsíìlì padà bọ̀, kọ́ láàárín 1912 sí 1935, jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ní Bràsíìlì débi pé àlejò a máa wá àgbélébùú lórí rẹ̀. Kí ẹ yẹra fún àkókò Jímọ̀.

Ọmọ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, ẹ mú un lọ sí oko Songhai, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná, tàbí sí ọjà Adjarra tí í ná lọ́rọọrún, níbi tí a ti ń ta ìlù àti ìkòkò amọ̀.

Ẹbí tí ń ti Ìdí-Ìrókò bọ̀, kí wọ́n mú ìwé ìrìnnà gbogbo ọmọ dání, kí wọ́n sì ṣẹ́ owó wọn ní Igolo kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú.