MÙSÍỌ̀MÙ KÌ Í ṢE ILÉ ÒRÌṢÀ, KÌ Í SÌ Í ṢE ILÉ ÒYÌNBÓ!

Ẹ̀kọ́ tó ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì wá fún gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà

Bí wọ́n bá ní kí ìyá aláṣọ kan ní ọjà Ìkọ̀lé wá sí mùsíọ̀mù, ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún bíríkìlà kan ní Ìdó, ẹ̀rín ni yóò fi rín. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọmọ ilé ìwé àti òyìnbó tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ló ni mùsíọ̀mù. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sá fún un. Wọ́n ní ère ló kún inú rẹ̀, pé onígbàgbọ́ tòótọ́ tàbí mùsùlùmí òdodo kò gbọdọ̀ yà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Bí ibì kan bá wà tó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, apá àríwá Èkìtì ni, nítorí pé ní Ọ̀yẹ́ gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀ ti fojú hàn.

FÁDÀ ṢÍ ILÉ IṢẸ́, MÙSÙLÙMÍ KỌ́ṢẸ́ NÍBẸ̀

Ní 1947, ìjọ Àgùdà ṣí ilé iṣẹ́ ọnà kan sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fádà Kevin Carroll àti Fádà Sean O'Mahony ló ń bójú tó o. Àwọn fádà wọ̀nyí kò wá kọ́ Yorùbá ní iṣẹ́ ọnà òyìnbó o. Àwọn tó ti mọṣẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n wá kàn: àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn ahunṣọ, àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọnà. Wọ́n gbéṣẹ́ fún wọn: ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ère ìbí Jésù, aṣọ tí àlùfáà ń wọ̀ síwájú pẹpẹ.

Ta wá ni ọ̀gá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà náà? George Bándélé ni, ọmọ Aréógun ará Ọ̀sì. Kì í ṣe Ọ̀sì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Ìdó là ń wí yìí, Ọ̀sì tó bọ́ sí ìhà Kúárà lónìí ni. Èkìtì kan náà ni wọ́n, ààlà ìjọba ló pín wọn. Aréógun yìí, tó kú ní 1954, òkìkí rẹ̀ kàn. Ó gbẹ́ ère ẹpa tí wọ́n ń gbé sórí jó, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ ọpọ́n Ifá. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló wá ń gbẹ́ ère fún ìjọ Àgùdà. Àáké kan náà, ọgbọ́n ọwọ́ kan náà.

Nígbà tó yá, ọmọkùnrin mùsùlùmí kan dé láti Ìlá Ọ̀ràngún. Làmídì Fákẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀. Ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ti bí i, ó sì ti ń gbẹ́gi kó tó dé Ọ̀yẹ́. Síbẹ̀, wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé, ó sì gbà. Ọdún mẹ́ta ló fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wo ibi tó bá a dé: ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ère Odùduwà tó dúró ní yunifásítì náà láti 1987, òun ló gbẹ́ ẹ. Ní 2006, àjọ UNESCO fi oyè dá a lọ́lá. Ó kú ní 2009.

Ilé iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ kógbá sílé ní 1954, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì wà. Fádà kò sọ pé ọwọ́ tó gbẹ́ ẹpa ti di aláìmọ́. Mùsùlùmí kò sọ pé òun kò ní kọ́ṣẹ́ ní ọgbà fádà. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni gbogbo wọn ń wò. Ẹni tó bá wọ mùsíọ̀mù tó wo ère kò bọ òrìṣà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wo ilé alárànbarà kò ṣe di onílé.

OJÚ NI ỌMỌ IṢẸ́ FI Ń KỌ́ṢẸ́

Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí mọ̀ pé ẹnu ọ̀gá nìkan kò tó. Télọ̀ á tú ẹ̀wù àgbà télọ̀ wò kó lè mọ bí ó ṣe rán an. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà ńkọ́? Ìpele mẹ́rin ni àwọn ará ìgbà Aréógun máa ń tọ̀: ọ̀nà lílé, níbi tí wọ́n ti ń fi àáké gé igi kó lè ní orí, ọrùn àti ara; àlétúnlé, tí wọ́n tún un gbẹ́ kí ojú àti etí lè fara hàn; dídán, kí ara ère lè jọ̀lọ̀; lẹ́yìn náà ni fínfín, tí wọ́n fi ọ̀bẹ fín ilà ojú, irun àti aṣọ sí i. Ọmọ iṣẹ́ tí kò rí èyí tí ọ̀gá ṣe parí rí, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tó ń lọ?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dunni. Ọmọ Ọ̀yẹ́ tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ Aréógun lónìí, ìrìn àjò Èkó ló máa rìn dé mùsíọ̀mù Oníkan, tàbí kó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá kan ní Wembley ní ìlú London ní 1924, kò sì padà mọ́. Mùsíọ̀mù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó rọ́pò rẹ̀ fún kábíyèsí. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ Bámigbóyè, gbẹ́nàgbẹ́nà láti agbègbè Ọ̀sì yẹn kan náà, fún odindi oṣù mẹ́rin. Àwọn ará Amẹ́ríkà wò ó tẹ́rùn. Mélòó ninu àwọn ọmọ Ìkọ̀lé, Ìdó àti Ọ̀yẹ́ ló mọ orúkọ ọkùnrin náà?

Ẹ má ṣe rò pé igi gbígbẹ́ nìkan ni. Àwọn ìyá Ìsàn-Èkìtì tó ń mọ ìkòkò, wọn kò lo ẹ̀rọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n tó fi ń ṣe roboto. Kíjìpá tí àwọn ìyá àgbà Èkìtì ń hun lórí òfì tí wọ́n gbé ti ògiri, ó nípọn, ó lálòpẹ́. Òun náà yẹ ní mùsíọ̀mù. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mùsíọ̀mù ni ibi tí wọ́n ń kó àkísà àgbà pa mọ́ sí, kí ọmọdé lè rí i kọ́gbọ́n.

Ẹ WO ÀWỌN ARÁ Ẹ̀SÌẸ́

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìlú kékeré kò lè ní mùsíọ̀mù, kó lọ wo Ẹ̀sìẹ́, lẹ́bàá Òmù-Àràn ní Kúárà. Kò jìnnà púpọ̀ sí ìhà Ìkọ̀lé. Ère òkúta bí ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀: ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, àwọn mìíràn jókòó sórí àpótí, irun wọn ní dídì, ilà ojú wọn hàn. Àwọn tó ń ṣèwádìí ní wọ́n ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rin sí ẹgbẹ̀rún ọdún. Ní 1945 ni wọ́n kọ́ ilé fún wọn, òun sì ni mùsíọ̀mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ó ṣáájú ti Jos, ó ṣáájú ti Èkó.

Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni pé wọn kò kó àwọn ère náà lọ sí ìlú ńlá. Ilẹ̀ tí wọ́n ti bá wọn ni wọ́n wà. Ìjọba ń tọ́jú wọn, àwọn ará ìlú sì ń ṣe ọdún ère wọn. Àlejò ń wá, ọmọ ilé ìwé ń wá, onílé kò sì di àjèjì nílé ara rẹ̀.

KÍ NI Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE?

Àkọ́kọ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń yọ́ kiri abúlé láti ra nǹkan àtijọ́. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san fún ìyá àgbà, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà lókè òkun. Òfin ti wà láti 1979: ẹni tí ìjọba kò fún láṣẹ kò gbọdọ̀ ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé e jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá tà á lónìí, ọmọ rẹ̀ yóò sanwó ọkọ̀ òfurufú kó tó rí i lọ́la.

Èkejì, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ta ló gbẹ́ òpó ààfin, ta ló hun aṣọ tó wà nínú àpótí. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí kò lórúkọ ni olè ń fẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń dáwó ra aṣọ ẹbí, ẹ dáwó ọkọ̀ lọ́jọ́ kan lọ sí Ẹ̀sìẹ́. Ẹ mú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín dání. Bí ẹ bá dé, ẹ bi káńsù ìbílẹ̀ yín léèrè ibi tí ohun àmúyangàn tiyín wà. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé. Ẹ bi àwọn náà. Kò dìgbà tí wọ́n bá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yàrá kan tí òjò kò jò, tí ikán kò jẹ, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, tó kọ orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ sára iṣẹ́ rẹ̀, ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wo ló wà nílùú yín tí kò yẹ kó parun? Ta ló ṣe é? Ẹ fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ kí ayé gbọ́, kí orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ má baà kú tẹ̀lé e.