Nígbà Tí Ọ̀rọ̀ Bá Ń Pẹ́ Lẹ́nu Bàbá

Àwọn àgbà tó wà láàrin yín yóò rántí ọdún 1964 tí Muhammad Ali wá sí Nàìjíríà. Inú oṣù Kejì ọdún náà ló gba bẹ́líìtì àgbáyé, tó sì kéde pé Mùsùlùmí lòun. Ẹnu abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò yìí kò kéré sí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1984, àwọn dókítà sọ fún un pé àrùn Parkinson ló ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ló sì di ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi jáde láyé lọ́dún 2016. Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí ní Arizona State University tún gbọ́ àwọn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ̀ àtijọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń falẹ̀ kí dókítà tó dárúkọ àìsàn náà.

Ọwọ́ gbígbọ̀n ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ mọ́ àrùn yìí. Èmi fẹ́ kí á wo ti ọ̀rọ̀ sísọ, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ní Kubwa wa níbí, àwọn ilé Yorùbá tó bá iṣẹ́ ìjọba kúrò ní Èkó lẹ́yìn tí olú-ìlú kó wá sí Àbújá lọ́dún 1991 kò kéré. Àwọn bàbá ibẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti dé ọjọ́ orí tí àrùn náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá a máa bá ìyàwó sọ Yorùbá, a bá alápatà sọ Haúsá, a bá ọmọọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ kan, ọmọ yóò kí i ní sálámà, Bàbá yóò kàn máa wò ó. Àwọn ará ilé yóò ní ó ń bínú, tàbí pé orí rẹ̀ ti ń dàrú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ní ìsàlẹ̀ nínú ọpọlọ, àwọn ìdì sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní basal ganglia. Àwọn ló ń bá wa bẹ̀rẹ̀ ìṣe, tí wọ́n ń tò ó tẹ̀ léra, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ohun tí a ti ṣe lẹ́gbẹ̀rún ìgbà máa lọ fúnra rẹ̀, bí ìrìn tàbí bọ́tìnnì dídè. Èròjà dopamine ni wọ́n ń lò. Àrùn Parkinson a máa pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ náà sì jẹ́ ìṣe tó nílò títò.

Ohùn yóò rẹlẹ̀, yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ wo ewu èyí fún àwa tí ohùn nìkan fi ìyàtọ̀ sáàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀! Nínú lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ ìṣe a máa ṣòro fún ọ̀pọ̀ aláìsàn ju ọ̀rọ̀ orúkọ lọ: Bàbá á pe ọ̀bẹ ní ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n “gé” tàbí “bó” lè má tètè wá. Gbólóhùn tó wé mọ́ra, irú “Ìyá tí ọmọ tí mo rán níṣẹ́ pè ti dé,” lè dà á láàmú.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ni lẹ́nu. Lọ́dún 1993, àwọn dókítà kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tó ń sọ Hébérù àti Faransé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló ba basal ganglia tirẹ̀ jẹ́, kì í ṣe Parkinson. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ti yẹ, ṣùgbọ́n àdúrà àti ìbùkún tó ti ń kà láti kékeré kò ṣeé kà fún un mọ́. Ìwádìí lórí àwọn tó ní Parkinson náà fi hàn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dín kù lẹ́nu wọn. Àwa Yorùbá sì rèé, kí ni à ń ṣe láti òwúrọ̀ tí kì í ṣe ìkíni?

Ìwádìí mìíràn, ti Ítálì lọ́dún 2004, yẹ àwọn aláìsàn kan wò tí Friulian jẹ́ èdè abínibí wọn, tí èdè Ítálì sì jẹ́ èkejì. Èdè abínibí ni wọ́n ti ṣi gírámà jù, bóyá nítorí pé bí a ti kọ́ ìrìn la ṣe kọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀, kò yẹ kí á sọ ọ́ di òfin. Síbẹ̀, bí Bàbá bá ń yà sí Gẹ̀ẹ́sì láàrin ọ̀rọ̀, ẹ má pè é ní fáàrí.

Lóòótọ́, ìgbàgbé a máa bá àwọn kan nígbà tí àrùn náà bá ti pẹ́, ṣùgbọ́n pípẹ́ èsì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ mú un lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Kubwa. Wọ́n lè darí yín sí National Hospital tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Gwagwalada. Oògùn levodopa a máa ran ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ju ahọ́n lọ. Ìdánrawò ohùn gíga, tí aláìsàn ń fi tipátipá gbé ohùn sókè lójoojúmọ́, wúlò fún ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ́ni kò pọ̀ ní Nàìjíríà.

Ní ti ìrun, bí òun ni lémọ́mù inú ilé, ẹ má yọ ọ́ nítorí ohùn. Ẹ súnmọ́ ọn, kí ó ka súrà kúkurú. Bí kò bá ṣeé ṣe mọ́, ẹ bi àlùfáà yín. Nídìí oúnjẹ, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Dípò “Kí lẹ fẹ́ jẹ?” ẹ ní, “Ẹ̀kọ ni àbí àmàlà?” Kí ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá nínú yín kí ẹ tó tún un bi. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá ti kí i ní sálámà, kí wọ́n dúró díẹ̀. Èsì ń bọ̀.