Sípíríǹgì Afì Nínú Ọkọ̀ Triumph Spitfire

Ọkọ̀ eré Triumph Spitfire, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1962 di 1980, ṣeé tú nílé, nítorí pé bóòtù ni wọ́n fi de ara rẹ̀ mọ́ ṣáásì, èyí tí í ṣe egungun ọkọ̀. Ìṣòro rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn. Ọ̀pá tí ń yí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní oríkèé kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá gbéra sókè, táyà yóò ká sábẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ tí ó bá sáré wọ kọ́nà, tí ó sì dín eré kù lójijì, lè gbókìtì.

Ní ọdún 1970 ni sípíríǹgì afì dé. Nínú ti àtijọ́, gbogbo ìpele sípíríǹgì ni wọ́n dè pọ̀ mọ́ orí gíà. Nínú afì, ìpele kan ni ó dúró gbọin, àwọn ìyókù ń fì bíi jangirọ́fà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í sì í gbéra tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbé afì sínú Spitfire ìṣáájú. Ṣùgbọ́n afì kì í dènà kí ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó ti àtijọ́; ìdí nìyí tí àwọn tí ó ṣe é fi mú ọ̀pá adènà-ìtẹ̀ tí ó wà níwájú nípọn sí i. Ẹni tí ó pààrọ̀ ẹ̀yìn láì pààrọ̀ iwájú ṣe iṣẹ́ ààbọ̀.

Jáàkì nìkan kò tó gbé ọkọ̀ dúró fún ẹni tí yóò wọ abẹ́ rẹ̀. Bóòtù tí ó gba inú rọ́bà kọjá kò sì gbọdọ̀ le títí ọkọ̀ yóò fi dúró lórí táyà rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà yóò wà ní lílọ́ títí yóò fi ya.