Abọ́ Òfìfo Nínú Ọgbà Ìgbafẹ́

Ní Midleton, ìlú kékeré kan ní agbègbè Cork nílẹ̀ Írẹ́lándì, ìyẹ́ idì mẹ́sàn-án nà gbọnrangandan nínú ọgbà ìgbafẹ́. Irin tí kì í dógùn-ún ni wọ́n fi ṣe wọ́n, gíga wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Ẹni tó bá sún sẹ́yìn díẹ̀ ni yóò rí i pé ńṣe ni wọ́n tò wọ́n yípo, tí wọ́n la ẹnu sókè bí abọ́. Kò sí oúnjẹ kankan nínú abọ́ náà. Atẹ́gùn ló ń gbà á kọjá.

Alex Pentek ló ṣe é, Kindred Spirits ló pe orúkọ rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin pọ̀ lára rẹ̀ lé ní 20,000, kò sì sí ìyẹ́ méjì tó jọra. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2017, Gary Batton, olórí àwọn Choctaw, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, rìnrìn àjò wá láti ọ̀hún.

Kí ló pa Choctaw pọ̀ mọ́ Írẹ́lándì?

Lọ́dún 1845, àrùn kan wọ oko ànàmọ́ òyìnbó, èyí tí àwọn ọlọ́jà wa ṣì ń pè ní Áríìṣì. Ewé rẹ̀ dúdú, ó sì jẹrà mọ́ inú ilẹ̀. Òun sì ni olórí oúnjẹ tálákà níbẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú, bẹ́ẹ̀ àwọn ọkọ̀ ojú omi ṣì ń kó ọkà àti ẹran jáde nílẹ̀ náà lọ tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹta 1847, àwọn Choctaw kóra jọ, wọ́n dá dọ́là 170, wọ́n fi ránṣẹ́. Kò tíì pé ogún ọdún tí ìjọba Amẹ́ríkà lé àwọn fúnra wọn kúrò nílẹ̀ baba wọn, tí ebi àti òtútù pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lójú ọ̀nà. Àwọn tí ebi ti pa rí ló ṣe ìtọrẹ yẹn.

Ère ìyàn mìíràn wà ní Dublin, iṣẹ́ Rowan Gillespie ní 1997: àwọn èèyàn tó rù kan egungun ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, ọ̀kan gbé ọmọ kọ́ ọrùn, ajá kan ń tẹ̀ lé wọn. Ó ń bani nínú jẹ́ gan-an. Àmọ́ ti Midleton ṣe ohun tí ti Dublin kò ṣe: ó fi ọwọ́ ẹni tó fúnni hàn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sára irin. Nígbà tí kòrónà há àwọn Navajo àti Hopi, tí àwọn náà jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, mọ́lé ní 2020, tí wọ́n ń wá owó oúnjẹ àti omi, owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Írẹ́lándì. Ọ̀pọ̀ olùtọrẹ kọ ọ́ mọ́ ọn pé oore Choctaw làwọn ń san fún àwọn ọmọ onílẹ̀ ẹgbẹ́ wọn. Ère nìkan kọ́ ló fà á o, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ìtàn náà kú lẹ́nu.

Kì í ṣe abọ́ irin nìkan ló ń rán èèyàn létí ebi àti oore; abọ́ amọ̀ pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Michigan, láàárín 1990 sí 1991, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan, John Hartom, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ abọ́. Wọ́n bu ọbẹ̀ sí i, wọ́n fi búrẹ́dì tì í, àwọn àlejò sì sanwó tí wọ́n fi bọ́ àwọn tí ebi ń pa. Hartom àti Lisa Blackburn sọ ètò náà ní Empty Bowls, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹni tó bá jẹun tán níbẹ̀ kì í dá abọ́ padà. Á fọ̀ ọ́, á gbé e lọ sílé, á tò ó mọ́ àárín àwọn abọ́ tó fi ń jẹun lójoojúmọ́.